Wọ́n Ní Mo Pa Ìbaaka

Èmi? Èmi tí mi ò lè pa eku tó ń sá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, èmi ni wọ́n ní mo pa ìbaaka? Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìlà yẹn kà fún mi, bóyá etí mi ló ń tàn mí, nítorí ẹsẹ̀ ló kán, orí mi ò fọ́. “Kí o ṣàlàyé, láàárín ọjọ́ mẹ́ta, bí ìbaaka kẹsàn-án tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ ṣe kú.” Ó kú! Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí n mí.

Ẹ kú àgùnsókè o. Mi ò tíì kí yín, inú ló ń bí mi. Àtẹ̀gùn ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá kì í ṣe eré, pàápàá fún ẹni tó ń fi ìjókòó tẹ̀wé látàárọ̀ dalẹ́ ní ọ́fíìsì. Èmi tí mo ti ń gùn ún fún ọdún mọ́kànlá, ojoojúmọ́ ni orúnkún mi ń bi mí pé kí lòun fi ṣẹ̀ mí. Omi wà nínú ife yẹn. Ẹ mu ún, àmọ́ ẹ má fi ṣòfò, ọrùn ẹnìkan ló gbé e dé ibí. Ẹ wá mú bírò. Bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ ni kí ẹ ṣe máa kọ ọ́, ẹ má bá mi fi ṣúgà sí i. Kúẹ́rì ni wọ́n fún mi, kúẹ́rì náà ni wọ́n á gbà padà.

Ẹ kọ ọ́ pé orí ọrùn ìyá yín ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá ọkọ mi, ìyá tó bí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín tó fẹ́ mi, Ìyá Olóòṣùká tí gbogbo àwa obìnrin mẹ́rìnlá tá à ń gbẹ́rù gun òkè yìí ń pè bẹ́ẹ̀, torí òun ló máa ń kọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bí wọ́n ṣe ń ká òṣùká tí ẹrù ò fi ní dá ihò sí i lórí. Ilé ìwòsàn wà lórí òkè, mọ́tò ò lè gun òkè, kí ló kù? Orí wa. Omi, orí wa. Kẹrosíìnì, orí wa. Oògùn, aṣọ bẹ́ẹ̀dì, sìmẹ́ńtì, orí wa. Aláìsàn tí ò lè rìn, à á gbé e jókòó sórí àga, èèyàn mẹ́rin, èjìká wa. Àwọn ọ̀gá tó bá wá ṣàbẹ̀wò láti ọ́fíìsì, tí ara wọn le ju tèmi lọ, àga kan náà, èjìká kan náà! Lọ́dún tó kọjá, ìyá yín gbé sílíńdà gáàsì, ó ti kọjá ìdajì òkè, ni nǹkan bá dún kó! nínú ọrùn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí ẹ bá pè é láti ẹ̀yìn, ṣebí gbogbo ara ló fi ń yí bí ilẹ̀kùn? Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ ń sọ pé àgbà ti ń sọ ọ́ di oníbìínú, pé kì í wo ojú ẹni mọ́. Kò bínú o. Ọrùn ni ò yí mọ́.

Òun ló fà á tá a fi lọ bá dókítà, dókítà ló sì sọ fún wa nípa ìbaaka. Ó ní òun ti ṣiṣẹ́ lórí òkè kan rí níbi tó jẹ́ pé ẹran ló ń gbé gbogbo ẹrù. Bàbá ẹran náà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìyá rẹ̀ ẹṣin. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀ lórí àpáta, kì í ṣàròyé, kì í bímọ, kì í bá ẹnikẹ́ni lọ ìpàdé ẹbí, iṣẹ́ ni wọ́n torí ẹ̀ bí i. Mo ní, dókítà, ẹ mà ń ṣàpèjúwe mi, àfi ti ọmọ mẹ́rin tí mo bí! Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá yín náà rẹ́rìn-ín, ó fi gbogbo ara yí sí mi kó tó rẹ́rìn-ín.

Akọ̀wé ilé ìwòsàn bá wa kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ní ìsàlẹ̀. Ó ní wọn kì í kọ “ìbaaka” sí ọ́fíìsì, pé èdè ọ́fíìsì ni wọ́n ń kọ sí ọ́fíìsì, míúlù ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Mo ní ẹ pè é ní ohun tó bá wù yín, kó ṣáà ti ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú lẹ́tà náà ni mo sọ yẹn, òun nìkan ni wọn ò sì kọ! Ohun tí wọ́n kọ ni pé: míúlù méjì, ilé tí wọ́n á máa gbé, ohun tá a ó fi máa tọ́jú wọn, àti dókítà ẹran tí á máa yẹ̀ wọ́n wò.

Oṣù méje la fi dúró. Oṣù méje! Oyún tó wà nínú ìyàwó bíríkìlà, ọ̀kan nínú wa, nígbà yẹn, ó gbé e, ó ń gbé omi lé e lórí, ó bí i, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó tún ń gbé omi. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní míúlù ti dé, ká wá gbé e nísàlẹ̀. Ká wá gbé e? Ṣé kì í ṣe òun ló yẹ kó gbé wa ni? A dé ìsàlẹ̀, a bá páálí ńlá kan. Mo ní, ìbaaka nínú páálí? Ìyá yín ní bóyá ọmọ rẹ̀ ni, a ó máa tọ́ ọ dàgbà. Orí wa la fi gbé e gòkè, à ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí ọmọ ẹran má baà jí.

Lẹ́tà gàdàgbà mẹ́rin ló wà lára páálí náà: M, U, L, E. Kò sí àmì, kò sí nǹkan kan. Ìyá yín tó lọ kíláàsì àgbà kó gíláàsì rẹ̀ bojú, ó kà á, ó ní, “Mú ilé.” Ó ní ọ́fíìsì fẹ́ ká mú ilé, kálukú ká mú ilé tó bá wù ú. Àwọn kan ti ń jó. Ìyàwó bíríkìlà ní rárá o, “mulẹ̀” ló rí níbẹ̀, wọ́n fẹ́ ká bá ọ́fíìsì mulẹ̀ pé a ò ní béèrè nǹkan kan mọ́ láyé. Ló bá gbé ọmọ ẹ̀, ó lọ dúró sókèèrè. Èmi ní ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, “múlẹ̀” ni, bí ìgbà téèyàn bá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣé dókítà ò sọ pé ẹsẹ̀ ẹran náà ń múlẹ̀ lórí àpáta ni? Akọ̀wé ní kò sí ọ̀kan tó gbà á nínú wa, pé míúlù ni. Ó ya páálí.

Bàtà!

Mo fi ọmọ mẹ́rin tí mo bí búra, bàtà ni. Bàtà obìnrin, pupa fòò, gogoro nísàlẹ̀, ó bo ọmọ ìka níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ wá ṣí sílẹ̀ gbayawu bí ilé tí wọ́n gbàgbé láti kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí. Mo bi akọ̀wé pé kí lèyí, ó ní irú bàtà yẹn náà ń jẹ́ míúlù. Méjìdínlọ́gbọ̀n ẹyọ, ìyẹn ẹsẹ̀ méjì-méjì fún obìnrin mẹ́rìnlá, nọ́ńbà wà nísàlẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ wọn la ti bá pákó kan tí wọ́n fi ń to bàtà: ilé wọn nìyẹn. Búrọ́ọ̀ṣì àti pólíìṣì: ohun tá a ó fi tọ́jú wọn nìyẹn. Ẹ ò rí i? Gbogbo ohun tó wà nínú lẹ́tà ni wọ́n ṣe. Wọn ò yẹ ẹyọ kan!

Akọ̀wé pe Arajà lórí fóònù, ọkùnrin tó ń bá ọ́fíìsì ra nǹkan yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ó ní, ọ̀gá, ẹran la béèrè. Arajà ní, kí ni lẹ́tà yín sọ? Míúlù. Kí ni mo fi ránṣẹ́? Míúlù. Ó ní ká ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Akọ̀wé ṣí i. Ìtumọ̀ kìn-ín-ní, ẹran. Ìkejì, olórí kunkun. Ìkẹta, bàtà. Akọ̀wé ní, ọ̀gá, ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Arajà ní ṣé a kọ nọ́ńbà sí lẹ́tà wa ni? Ṣé a kọ ọ́ pé ìtumọ̀ kìn-ín-ní la fẹ́? Ó ní ká tiẹ̀ máa dúpẹ́, méjì la béèrè, bàtà méjì sì jẹ́ ti ẹsẹ̀ ẹnìkan péré, àánú wa ló ṣe òun tóun fi sọ ọ́ di méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo gba fóònù lọ́wọ́ akọ̀wé. Mo ní, ọ̀gá, ẹ máa bínú, ṣé ẹ ti gun òkè yìí rí? Ó ní ta nìyẹn? Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Ó ní, “Ṣé o rí ara rẹ báyìí? Ìtumọ̀ kejì nìyẹn.” Ó pa fóònù!

Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ pé ó pè mí ní olórí kunkun. Ẹ ò kọ ọ́!

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, dókítà ẹran dé. Bẹ́ẹ̀ ni o! Ṣebí ó wà nínú lẹ́tà? Ọ́fíìsì mìíràn ló rán an, wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan, ó gbé abẹ́rẹ́ nínú àpótí, òógùn bò ó, ó ní níbo làwọn ìbaaka wà? A mú un lọ sídìí pákó bàtà. Ó wò ó, ó wo wá, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́. Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán, ojú rẹ̀ wá korò. Ó ní bí òun ò bá kọ èsì, wọ́n á ní òun ò wá. Ó mú ìwé, ó kọ ọ́ pé: “Mo yẹ gbogbo wọn wò. Wọn kò ní ibà. Wọn kì í jẹun púpọ̀.” Ó fọwọ́ sí i, ó bẹ̀ wá pé ká má bínú, ó lọ. Èèyàn rere ni. Àwọn èèyàn rere ló ń fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, òun ló ń dùn mí.

Kí ló tún kù? Fọ́tò ló kù. Olùdarí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ wá wo bí míúlù ṣe sọ iṣẹ́ wa di ìrọ̀rùn. A gbé e lórí àga, ó dé ogójì àtẹ̀gùn, ó ní òòyì ń kọ́ òun. Ẹni tó jókòó! Ó ní ibẹ̀ náà ni ká ti ya àwòrán. Wọ́n ní ká wọ míúlù, ká gbé ẹrù, ká tún rẹ́rìn-ín, nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá yín ní ọrùn òun ò lè wo kámẹ́rà, Arajà tó bá Olùdarí wá ní kó yáa fi gbogbo ara wò ó. Ìyá ọkọ mi! Lójú mi! Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá yín fi ojú bẹ̀ mí, mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi mi rù.

Ayàwòrán ní, “Màmá, ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì sókè díẹ̀ kí pupa rẹ̀ hàn.” Mo gbé e. Mo gbé e kalẹ̀, gogoro rẹ̀ kó sí àárín òkúta méjì. Bàtà tí ò lẹ́yìn, kí ló fẹ́ fi di èèyàn mú? Bàtà dúró, èmi ń lọ. Àtẹ̀gùn mọ́kànlá ni mo yí. Mo gbọ́ egungun mi, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo gbọ́ ọ bí ẹni ṣẹ́ igi ìdáná. Kẹ́ẹ̀gì bẹ́, omi lọ bá Olùdarí nídìí àga. Arajà sáré bọ̀, mo na ọwọ́ sí i, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó kọjá o! Ó lọ fa bàtà yọ láàárín òkúta, ó gbé e sókè, gogoro ti kán. Ó ní, “Ẹ gbà mí! Ẹ wo ohun tó fi ṣe!” Ìyá yín ló wá gbé orí mi lé itan. Kò lè tẹ ọrùn wò mí. Ojú ọ̀run ló ń wò, omijé ẹ̀ ń kán sí mi níwájú orí.

Bí bàtà ṣe wá di òkú nìyẹn. Mo bi akọ̀wé pé báwo ni bàtà ṣe ń kú? Ó ní ìwé ẹran ọ̀sìn ni wọ́n kọ wọ́n sí ní ọ́fíìsì, torí ẹran la béèrè, ìwé ẹran ọ̀sìn ò sì ní àyè fún “ó bàjẹ́.” “Ó wà láàyè,” “ó ń ṣàìsàn,” “ó bímọ,” “ó kú,” mẹ́rin yẹn ló wà níbẹ̀. Mo ní ẹ kọ ọ́ pé ó ń ṣàìsàn. Ó ní dókítà ẹran ti fọwọ́ sí i pé kò sí àìsàn. Mo ní ó dáa, ẹ kọ ọ́ pé ó bímọ, ṣebí ọ̀kan ló di méjì! Kò rẹ́rìn-ín. Wọn kì í rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá di ìwé mú.

Kí lẹ tún sọ? Kí n fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́? Kí n ní mo tọrọ àforíjì? Ta ni mo tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bàtà?

Ẹ dúró ná. Ẹ gbójú sókè. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé lẹ ti ń wo ilẹ̀. Nígbà tí mo ní kẹ́ ẹ tún ìlà yẹn kà, ẹ ò wo ìwé. Àkọ́sórí lẹ kà á. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́... ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́?

Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́.

Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tí mo fi òróró pa nígbà tí mo wọ ilé yín níyàwó, tẹ́ ẹ ṣì kéré, ọwọ́ yẹn ló tẹ̀ ẹ́ pé mo pa ìbaaka. Àti lẹ́tà tí wọ́n fi ra bàtà ńkọ́? Ẹ̀yin náà? Ọlọ́run mi o! Ẹ rí i tí wọ́n kọ “bàtà, pupa,” ẹ ò béèrè pé kí làwọn obìnrin orí òkè fẹ́ fi bàtà gogoro ṣe?

Ẹ ní kí ni? Ẹ sọ ọ́ sókè.

Ẹ ní inú yín dùn. Ẹ rò pé bàtà la béèrè. Ẹ ní ẹ tiẹ̀ sọ ọ́ lọ́kàn pé lẹ́ẹ̀kan láyé, ìyàwó yín náà máa wọ bàtà tó dáa.

Háà. Ẹ má sunkún. Ẹ má sunkún, èmi náà á bẹ̀rẹ̀. Mo ṣì ń bínú o, ẹ má rò pé ó ti tán. Àmọ́ ẹlòmíràn ì bá tẹ̀ ẹ́, ì bá fi ránṣẹ́, ì bá jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹ̀yin gun àtẹ̀gùn wá kà á fún mi lójú ara mi. Ẹ fi etí gèlè mi yẹn nu ojú. Ìgbà tẹ́ ẹ bá padà, ẹ̀rọ kan náà lẹ ó fi tẹ èyí, ẹ má fo ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ kọ ọ́ pé lọ́jọ́ kejì tí mo ṣubú, obìnrin mẹ́tàlá kó míúlù wọn lọ sídìí òkè, wọ́n tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan ti ìkọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Sìmẹ́ńtì ilé ìgbàlejò tí wọ́n ń kọ́ fún àwọn ọ̀gá lókè yìí ni, kì í ṣe ti aláìsàn. Wọ́n ní míúlù ni ọ́fíìsì rà láti gbé ẹrù, kí míúlù gbé e. Wọ́n gbọnwọ́, wọ́n lọ sílé. Omi aláìsàn nìkan ni wọ́n ń pọn, a kì í ṣe ìkà. Ó di ọjọ́ mẹ́fà lónìí. Àwọn bíríkìlà jókòó, ọ̀gá kankan ò rí ẹni gbé e gòkè, Olùdarí ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ló fi pariwo, ẹ̀ẹ̀kan ló fi bẹ̀bẹ̀. A dá a lóhùn pé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin méjì la fẹ́, kò dín, kò lé. Ẹ fàlà sí “ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin.” Ẹ fà á lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ló kù nínú ìwé yẹn? Ìsàlẹ̀ pátápátá. “Kí o fara hàn ní ọ́fíìsì ní Ọjọ́bọ̀. Ọ́fíìsì yóò pèsè ohun tí yóò gbé ọ sọ̀kalẹ̀.” Ta ló máa gbé mi? Àwọn obìnrin wa ní àwọn á gbé mi, mo ní kí ọ̀kan nínú wọn dán an wò. Torí ọrùn wọn ni mo ṣe wà níbí, ọrùn wọn ni mo tún máa gùn lọ sọ fún ọ́fíìsì pé ọrùn ń dùn wọ́n?

Ariwo kí nìyẹn? Ẹ bá mi yọjú ní fèrèsé. Ta ni? Ẹ ní ta ni? Irọ́ ni! Ẹ bá mi gbé ẹ̀yìn mi sókè, kí n rí i... Arajà! Arajà fúnra rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn gun òkè! Páálí wo nìyẹn lórí ẹ̀? Àwọn ìwé ọ́fíìsì ló kó wá, kò rí ẹni bá a gbé e. Ẹ wò ó, kò ká òṣùká! Ó fi agbárí lásán gbé e! Yéè, ẹ wo ọrùn rẹ̀, ẹ wo bó ṣe ń gbọ̀n, ẹ wo bó ṣe ń ka àtẹ̀gùn! Ha-ha-ha! Ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mi, ẹ má jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ó ń dùn mí, ha-ha-ha!

Ẹ lọ bá a sọ ẹrù. Ẹ lọ, èèyàn ni, ẹ má jẹ́ kó ṣẹ́ lọ́rùn. Ẹ fún un ní omi, kó jókòó, kó mí dáadáa. Ẹ sọ fún un pé mo ti rí ìwé rẹ̀, mo sì gbà láti wá sí ọ́fíìsì. Kó má kánjú. Tó bá sinmi tán, kó bẹ̀rẹ̀, èmi ló máa gbé sọ̀kalẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹsẹ̀ tí wọ́n dì yìí ti mú kí n wúwo díẹ̀.